Àyẹ̀wò àwọn control àfikún fún fọ́ọ̀mù Excel: èyí tó yẹ kí ọ́fíìsì Ìbàdàn gbà, èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀

Fọ́ọ̀mù kan ń ṣiṣẹ́ geere lórí láptọ́ọ̀pù ẹni tó kọ ọ́ ní Agbowó. Ó dé orí kọ̀ǹpútà akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Dùgbẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kóòdù kọ́ ló bàjẹ́, control àfikún (bọ́tìnnì, kàlẹ́ńdà tàbí àtẹ tí a gbé sórí fọ́ọ̀mù, tí kì í ṣe ti Excel) ló fà á. Bí ẹ bá rí "Could not load an object because it is not available on this machine", tàbí "License information for this component not found", ẹ má tíì máa tú kóòdù wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: kí ló wà lórí fọ́ọ̀mù yìí tí kì í ṣe ti Excel fúnra rẹ̀?

Àwọn tí a yẹ̀ wò níbí ni èyí tí àwọn tó ń fi VBA, èdè macro inú Excel, kọ fọ́ọ̀mù máa ń nawọ́ sí jù (OCX ni fáìlì tó gbé control dání): MSCOMCT2.OCX àti MSCOMCTL.OCX ti Microsoft, COMDLG32.OCX, kàlẹ́ńdà àtijọ́ MSCAL.OCX, àti àwọn control tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ń tà. Ojú ẹni tí yóò kọ fọ́ọ̀mù fún ilé-ìwé, ilé ìtajà oògùn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tàbí alátapọ̀ ní ọjà Bódìjà la fi wò wọ́n, nítorí pé orí kọ̀ǹpútà márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí kò bára dọ́gba ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ máa ń balẹ̀ sí. Òmíràn jẹ́ tuntun, òmíràn jẹ́ tòkunbọ̀ láti Queen Cinema, òmíràn sì ti wà lórí tábìlì láti ìgbà Office 2010.

Àṣẹ méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé control kan lè ní àṣẹ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni àṣẹ ẹni tó ń gbé e sórí fọ́ọ̀mù, tó ń tò ó, tó ń yí ìwọ̀n rẹ̀ padà: àṣẹ ìkọ́ nìyẹn. Ìkejì ni àṣẹ ẹni tó kàn ṣí fọ́ọ̀mù náà láti fi ṣiṣẹ́: àṣẹ ìlò nìyẹn. Ẹ fi wé iṣẹ́ télọ̀: ẹni tó ń ránṣọ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ, ẹni tó ń wọ̀ ọ́ kò nílò ẹ̀rọ.

Láyé Visual Basic 6 (VB6), ohun èlò Microsoft tí a fi ń kọ ètò, ọ̀rọ̀ náà ṣe kedere. Télọ̀ parí aṣọ, ó pa á pọ̀ di EXE, ètò tó ń dá ṣiṣẹ́, ó fi ránṣẹ́. Bí EXE náà ṣe ń di pípapọ̀, VB6 máa ń bèèrè kọ́kọ́rọ́ àṣẹ lọ́wọ́ control, yóò sì fi pamọ́ sínú EXE. Tí oníbàárà bá ṣí i, EXE yóò fi kọ́kọ́rọ́ yẹn han control, ọ̀nà yóò sì là. Fọ́ọ̀mù macro kò rí bẹ́ẹ̀. Excel kì í pa nǹkan kan pọ̀ di EXE. Oníbàárà tó gba fáìlì .xlsm lọ́wọ́ yín gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀ mọ́ aṣọ ni: ó kàn máa tẹ Alt+F11, yàrá iṣẹ́ sì nìyẹn níwájú rẹ̀. Ibi tí gbogbo wàhálà àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyí.

Báyìí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ. Nígbà tí Excel bá fẹ́ dá control tó ní àṣẹ sílẹ̀, control náà yóò kọ́kọ́ wo inú kọ̀ǹpútà bóyá àṣẹ ìkọ́ wà níbẹ̀. Àwọn kan máa ń wá a sí registry, ìwé ètò tí Windows ń tọ́jú, lábẹ́ HKEY_CLASSES_ROOT\Licenses. Àwọn mìíràn máa ń wá fáìlì kékeré kan tó parí sí .lic lẹ́gbẹ̀ẹ́ OCX. Bí kò bá rí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi kọ́kọ́rọ́ hàn án, yóò dá nọ́ńbà 80040112 padà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí àṣẹ fún un láti ṣiṣẹ́.

Fọ́ọ̀mù VBA náà ní àyè tó lè fi kọ́kọ́rọ́ ìlò pamọ́ sí, bí control bá gbà láti fún un. Nítorí náà, fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ọwọ́ tò pẹ̀lú àṣẹ tó pé lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní àṣẹ ìkọ́, níwọ̀n ìgbà tí OCX fúnra rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tó sì ti wọ registry. Ibi mẹ́ta ni èyí ti máa ń já. Ìkíní: bí kóòdù yín bá ń dá control sílẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú Controls.Add, kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tí fọ́ọ̀mù ti fi pamọ́, àṣẹ ìkọ́ ni control yóò bèèrè. VB6 ní Licenses.Add fún irú èyí. VBA kò ní in. Ìkejì: oníbàárà tó bá wọ yàrá iṣẹ́, tó fẹ́ fi ListView (àtẹ olópòó) kejì kún fọ́ọ̀mù, ti di télọ̀ nìyẹn, àṣẹ télọ̀ ni wọn yóò bi í. Ìkẹta: àwọn control kan wà tí kì í fún Office ní kọ́kọ́rọ́ rárá. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá ṣí fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń kà sí kọ̀ǹpútà ìkọ́, owó rẹ̀ sì ni wọ́n máa ń bèèrè.

Ẹ wá fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn: regsvr32 máa ń kọ orúkọ control sínú registry kí Excel lè rí i. Kò sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, kò sì sọ pé ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pín in fún ẹlòmíràn. Àwọn tó ra Visual Basic 6 tàbí ẹ̀yà Office fún àwọn tó ń kọ ètò, bíi Office 97 Developer Edition, Office 2000 Developer àti Office XP Developer, ni Microsoft fún ní ẹ̀tọ́ láti fi àwọn OCX wọ̀nyí ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Àtìlẹ́yìn fún VB6 gẹ́gẹ́ bí ohun èlò ìkọ̀wé ètò parí ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2008. Ẹni tó bá ń da OCX kiri lórí flash láti ọ́fíìsì kan sí èkejì lónìí ní láti mọ ìwé àdéhùn tó fún un lágbára bẹ́ẹ̀. FM20.DLL, tí gbogbo fọ́ọ̀mù VBA dúró lé, kò sí lára ohun tí a ń pín rárá. Inú Office ló ti ń wá.

MSCOMCT2.OCX: ẹ fi sílẹ̀

Inú rẹ̀ ni DTPicker àti MonthView wà, pẹ̀lú UpDown, Animation àti FlatScrollBar. DTPicker ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ó rẹwà, ó ń ṣí kàlẹ́ńdà kékeré, akọ̀wé kò lè tẹ ọjọ́ tí kò sí. Fún ẹni tó ń gba ọjọ́ ìsanwó owó ilé-ìwé tàbí ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́, a mọ ìdí tó fi ń fani mọ́ra.

Àmọ́ ẹ̀yà méjì ni Office ní, 32-bit àti 64-bit, Microsoft kò sì ṣe ẹ̀yà 64-bit ti MSCOMCT2. Ọ̀rọ̀ parí níbẹ̀. Láti Office 2019 ni Office ti ń gbé ẹ̀yà 64-bit sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àfi bí ẹ bá yan òmíràn, Microsoft 365 náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. OCX 32-bit kò lè wọ inú Excel 64-bit lọ́nàkọnà, ì báà jẹ́ pé ẹ fi regsvr32 kọ orúkọ rẹ̀ nígbà ogún. Àwọn kan máa ń gba oníbàárà nímọ̀ràn pé kó yọ Office 64-bit kúrò kó fi 32-bit sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ro dátà tí yóò lọ sórí rẹ̀, ẹ ro ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì tí oníbàárà lè ti gbàgbé, kí ẹ sì ro pé kò sí ohun tó sọ pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò ní dá 64-bit padà. Nítorí kàlẹ́ńdà kékeré kan? Kò tọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti mọ èyí tó wà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí Excel, ẹ lọ sí File, Account, About Excel. Ìlà àkọ́kọ́ yóò sọ 32-bit tàbí 64-bit. Ẹ má wo ti Windows. Windows 64-bit lè gbé Office 32-bit, ó sì wọ́pọ̀ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń lò tipẹ́.

Ohun tí ẹ máa fi rọ́pò rẹ̀

Toolbox fọ́ọ̀mù VBA ní control 14 tó jẹ́ ti Office fúnra rẹ̀: Label, TextBox, ComboBox, ListBox, CheckBox, OptionButton, ToggleButton, Frame, CommandButton, TabStrip, MultiPage, ScrollBar, SpinButton àti Image. Excel tún fi RefEdit kún un. Àwọn wọ̀nyí kò bèèrè àṣẹ kankan ju Office tó wà lórí kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí 32-bit àti 64-bit bákan náà. Kò sí iṣẹ́ ọjọ́ tí a kò lè fi wọ́n ṣe.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni ComboBox mẹ́ta: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ẹ fi Style wọn sí fmStyleDropDownList kí akọ̀wé má baà lè tẹ ọ̀rọ̀ tó wù ú. Ẹ kó wọn pọ̀ pẹ̀lú DateSerial, kì í ṣe CDate. Ìdí ni pé CDate ń tẹ̀lé ètò Windows; bí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ bá ṣì wà lórí ètò Amẹ́ríkà, 03/04 tí akọ̀wé fi pe ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin yóò di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, kò sì ní sí àṣìṣe kankan lójú ìwé. Owó ìyá kan yóò kàn bọ́ sínú oṣù mìíràn láìsí ẹni tó mọ̀. DateSerial náà ní àléébù tirẹ̀: ẹ fún un ní ọjọ́ 30 oṣù kejì ọdún 2025, kò ní jiyàn, ọjọ́ 2 oṣù kẹta ni yóò dá padà. Nítorí náà ẹ fi ìlà kan ṣọ́ ọ:

d = DateSerial(CInt(cboOdun), cboOsu.ListIndex + 1, CInt(cboOjo))
If Day(d) <> CInt(cboOjo) Then MsgBox "Ọjọ́ yìí kò sí nínú oṣù yìí"

Ẹ mọ̀ pé MsgBox VBA kò lè fi gbogbo àmì Yorùbá hàn. Kóòdù VBA kò gba ẹ àti ọ olójú àmì bí a ṣe ń kọ wọ́n. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú sẹ́ẹ̀lì kan lórí sheet, kí ẹ fi Label fọ́ọ̀mù gbé e jáde láti ibẹ̀. Yóò hàn dáadáa.

Bí ẹ bá fẹ́ kàlẹ́ńdà gidi, ẹ tẹ́ Label 42 sínú Frame, ìlà mẹ́fà, méje méje. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ 35, nítorí oṣù tó bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó sì ní ọjọ́ 31 yóò wọ ìlà kẹfà. Weekday(DateSerial(ọdún, oṣù, 1), vbSunday) ni yóò sọ Label tí ọjọ́ kìíní máa jókòó sí. Day(DateSerial(ọdún, oṣù + 1, 0)) ni yóò sọ iye ọjọ́ tó wà nínú oṣù, títí kan oṣù kejì ọdún tó fò. Fún títẹ̀, ẹ má kọ Click 42. Ẹ kọ class module kan ṣoṣo tó ní Public WithEvents lbl As MSForms.Label, ẹ dá 42 rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kó wọn sínú Collection kan tí ẹ kéde sí orí fọ́ọ̀mù, lókè pátápátá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí Collection náà wà nínú UserForm_Initialize. Bí Initialize bá ti parí, gbogbo wọn ti kú, kàlẹ́ńdà yóò dúró bí àwòrán, títẹ̀ kò ní ṣe nǹkan kan.

Kóòdù rẹ̀ kò gùn, ẹ ó sì lò ó nínú fọ́ọ̀mù gbogbo tí ẹ bá kọ lẹ́yìn náà. Òun la gbà ẹnikẹ́ni tó ń fi fọ́ọ̀mù Excel ṣe iṣẹ́ oúnjẹ níyànjú láti ní.

MSCOMCTL.OCX: ó dára, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀

ListView, TreeView, ImageList, ProgressBar, StatusBar, Slider, Toolbar, TabStrip, ImageCombo. Office ló ń gbé e wá, nítorí náà ìṣòro àṣẹ rẹ̀ kò le tó ti MSCOMCT2. Microsoft ti ṣe ẹ̀yà 64-bit rẹ̀ fún Microsoft 365 òde òní. Ó ṣòro jù lórí Office 64-bit àtijọ́, bíi 2010 àti 2013, níbi tí kò ti sí.

TreeView nìkan ni a rí tí control 14 yẹn kò lè rọ́pò ní ìrọ̀rùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ẹ̀ka, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ẹgbẹ́, tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní yíyá owó mẹ́ta: igi ni ó yẹ kí irú rẹ̀ fi hàn. Kódà níbẹ̀, TreeView kan wà tí Jan Karel Pieterse àti Peter Thornton fi VBA kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, láìsí OCX. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí 64-bit, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Mac, níbi tí ActiveX, ètò Microsoft tí àwọn control OCX dúró lé, kò sí rárá. Ẹ ka àdéhùn tí wọ́n fi síbẹ̀ kí ẹ tó fi sínú iṣẹ́ tí ẹ ń tà.

ListView ni àwọn ènìyàn ń fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ListBox lè ṣe é. Ẹ fi ColumnCount sí iye òpó tí ẹ fẹ́, ẹ fi ColumnWidths sí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fi AddItem kún un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òpó 10 ni òpin. Bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ListBox1.List = Range("A2:N200").Value, òpin yẹn kò sí mọ́, ó sì yára jù. Ohun méjì ni ẹ ó pàdánù: orí òpó tí a lè tẹ̀ láti tò ó, àti kí owó nìkan fara ti ọ̀tún nígbà tí orúkọ fara ti òsì. Fún orí òpó, ẹ to Label sí òkè, ẹ kọ Click fún wọn. Fún owó, ẹ lo lẹ́tà Courier New, kí ẹ fi àlàfo kún iwájú nọ́ńbà títí gígùn wọn yóò fi dọ́gba. Kò lẹ́wà tó ListView, ṣùgbọ́n kò ní fi yín sílẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ ń tò láti gbowó.

ProgressBar? Label kan tí ẹ kùn láwọ̀, nínú Frame kan. Ẹ máa fẹ̀ ẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, ẹ pe Me.Repaint. Ìlà mẹ́ta ni.

Ohun mìíràn tó yẹ ká sọ nípa MSCOMCTL ni pé ó ti jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọ̀dàràn ń gbà wọlé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Microsoft gbé àtúnṣe MS12-027 jáde nítorí ihò kan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gba OCX láti ojúlé tó ń pín DLL lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ tó ní ihò lè wà níbẹ̀, tàbí ohun tó burú jù ú lọ, ẹ sì máa fi agbára administrator gbé e wọlé fúnra yín.

COMDLG32.OCX àti MSCAL.OCX

Kò sí ìdí láti lo èyíkéyìí nínú wọn. Iṣẹ́ yíyan fáìlì tí CommonDialog, control inú COMDLG32, ń ṣe, Application.FileDialog ti ń ṣe é láti Office XP. Bí ẹ bá fẹ́ orúkọ fáìlì kan péré, Application.GetOpenFilename tó. Ẹ ṣáà rántí pé bí oníṣẹ́ bá tẹ Cancel, False ni GetOpenFilename ń dá padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfo. MSCAL ní tirẹ̀ ti kúrò nínú Office láti 2010.

Àwọn control tí a ń fowó rà

Ojúlówó wà lára wọn, àwọn àtẹ ńlá, kàlẹ́ńdà tó ń fi ìpàdé hàn, àwọn ìwé àwòrán tó dára. A kò sọ pé ẹ má rà wọ́n. A ń sọ pé àdéhùn tí ẹ bá kà lórí ojúlé wọn, fún àwọn tó ń kọ EXE ni wọ́n sábà kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà "royalty-free" tó wà níbẹ̀ lè má kan Office rárá. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, ẹ gba ìdáhùn ní kíkọ sí àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:

Ṣé ẹ̀yà 64-bit wà, tó sì ń ṣiṣẹ́ nínú UserForm VBA, kì í ṣe nínú .NET nìkan? Ṣé fọ́ọ̀mù VBA ń gba kọ́kọ́rọ́ ìlò lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ṣí i ni ó nílò àṣẹ ìkọ́? Ṣé Controls.Add ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà? Ènìyàn mélòó ló lè fi àṣẹ kan kọ fọ́ọ̀mù? Bí kọ̀ǹpútà bá jóná, ṣé a lè gbé àṣẹ náà sórí òmíràn láìsanwó míì? Ṣé a lè mú un ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ má fojú kéré ìbéèrè méjì tó kẹ́yìn ní Ìbàdàn. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kì í jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pẹ́, àṣẹ tó so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo yóò sì bá ẹ̀rọ náà lọ. Bákan náà, control tó gbọ́dọ̀ bá ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí kò yẹ ọ́fíìsì tí dátà rẹ̀ wà lórí fóònù ọ̀gá.

Dọ́là ni wọ́n sì sábà máa ń gbà. Orúkọ ẹni tí ẹ fi ra àṣẹ náà ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù, tí òun sì kó lọ sí Èkó, ọ́fíìsì náà kò ní ohunkóhun lọ́wọ́. Ẹ rà á ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń lo fọ́ọ̀mù, kí ẹ fi ìwé rẹ̀ sínú fáìlì wọn.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lo OCX, bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀

Ẹ ti Excel pa. Lórí Windows 64-bit, ibi tí OCX 32-bit ń gbé ni C:\Windows\SysWOW64, System32 sì ni ti 64-bit. Orúkọ yìí lòdì sí ohun tí ènìyàn rò, ó sì ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú Run as administrator, ẹ tẹ ọ̀nà kíkún, bíi:

C:\Windows\SysWOW64\regsvr32 C:\Windows\SysWOW64\MSCOMCTL.OCX

Lẹ́yìn náà, nínú Excel, Alt+F11, ẹ tẹ Toolbox ní bọ́tìnnì ọ̀tún, ẹ yan Additional Controls, ẹ fi àmì sí èyí tí ẹ fẹ́. Bí orúkọ bá wà nínú àkójọ ṣùgbọ́n tó kọ̀ láti jókòó sórí fọ́ọ̀mù, àṣẹ ni. Bí orúkọ kò bá sí rárá, OCX kò wọlé tàbí bit rẹ̀ kò bá Office mu.

Lórí kọ̀ǹpútà oníbàárà, ìdánwò kékeré kan wà tó ń ya àwọn àìsàn wọ̀nyí sọ́tọ̀. Ẹ dá fọ́ọ̀mù òfo kan, ẹ fi èyí sínú rẹ̀:

Private Sub UserForm_Initialize()
    Dim c As Object
    On Error Resume Next
    Set c = Me.Controls.Add("MSComctlLib.ListViewCtrl.2")
    If c Is Nothing Then MsgBox Err.Description
End Sub

Bí fọ́ọ̀mù yín tí ẹ fi ọwọ́ tò bá ṣí, tí èyí sì kọ̀, OCX wà, àṣẹ ìkọ́ ni kò sí. Ẹ yọ Controls.Add kúrò nínú iṣẹ́ yín. Bí méjèèjì bá kọ̀, ẹ wo OCX àti bit kí ẹ tó wo àṣẹ.

Àìsàn kan wà tó máa ń fara jọ ti àṣẹ tí kì í ṣe òun. Left, Format tàbí Date yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "Can't find project or library", bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó kan wọn pẹ̀lú control. Ẹ lọ sí Tools, References: ẹ ó rí ìlà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MISSING. Ìlà yẹn ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò, Date yóò padà bọ̀ sípò.

Òmíràn ni "Can't insert object", tàbí bọ́tìnnì tó dákẹ́ lójijì lẹ́yìn tí Windows Update bá kọjá. Ó ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀ lẹ́yìn àtúnṣe oṣù kejìlá ọdún 2014. Àwọn fáìlì .exd àtijọ́, tí Office fi ń tọ́jú ìwífún nípa control, ni kò bá control tuntun mu mọ́. Ẹ ti gbogbo Office pa, ẹ wá *.exd nínú %temp%\Excel8.0, %temp%\VBE àti %appdata%\Microsoft\Forms, ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Office yóò ṣe tuntun fúnra rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù.

Bí ó bá sì jẹ́ orí sheet ni ẹ gbé control sí dípò fọ́ọ̀mù, ẹ mọ̀ pé Office 2024 ti ń dènà ActiveX láìsọ fún ẹnikẹ́ni láti ìgbà tó ti jáde, Microsoft 365 sì tẹ̀ lé e ní 2025. Ètò rẹ̀ wà ní File, Options, Trust Center, Trust Center Settings, ActiveX Settings. A kò gbà yín níyànjú láti ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo fáìlì nítorí bọ́tìnnì kan. Ẹ fi Form Control tàbí àwòrán tó ní macro rọ́pò rẹ̀.

Fáìlì tí ẹ bá sì fi WhatsApp Web tàbí í-meèlì ránṣẹ́ máa ń dé pẹ̀lú àmì pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wá, Office ti ń dí macro irú fáìlì bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2022. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà tẹ fáìlì náà ní bọ́tìnnì ọ̀tún, Properties, kó fi àmì sí Unblock kó tó ṣí i. Bí kò bá ṣe èyí, kò sí control tí yóò ṣí, ti Office tàbí ti ẹlòmíràn, gbogbo ọ̀sán ni ẹ ó sì fi wá àṣẹ tí kò sọnù.